Àwọ̀ Jẹ́jẹ́

Gbogbo ológbò tó wà ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́, ni Kúbúrátù rí lọ́jọ́ Sátidé yẹn, àfi èyí tó ń wá.

Ó rí dúdú kan tó sùn sẹ́nu ọ̀nà bí ìrọ̀rí, tó sanra débi pé èèyàn kò lè mọ ibi tí orí rẹ̀ parí sí tí ọrùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó rí pupa kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ, tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé kà. Ó rí funfun kan tí irun rẹ̀ le bí ìgbálẹ̀, ó sì rí abo kan tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Bó bá ti rí ọ̀kan, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ní, "Jẹ́jẹ́, Jẹ́jẹ́," ológbò ọ̀hún á wò ó láti òkè délẹ̀, á sì padà sídìí oorun rẹ̀. Oòrùn ń pa á lórí. Sálúbàtà rẹ̀ ti já, okùn ló fi so ó. Inú ń bí i sí àwọn ológbò tí wọn kì í ṣe Jẹ́jẹ́, inú ń bí i sí Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n sá, inú sì ń bí i sí Zulaikha ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tó gbà pé ó fa gbogbo wàhálà yìí. Ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ bínú sí ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ló máa ń ti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ náà ṣe jẹ́. Jẹ́jẹ́ kì í ṣe ológbò Kúbúrátù. Ìyá bàbá rẹ̀ ló ni ín, màmá arúgbó tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Onídìrí. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń gbé, kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Àwọn òbí Kúbúrátù ń dáko ní Ìkòyí-Ilé, wọ́n sì fi í sọ́dọ̀ màmá kó lè máa lọ sílé ìwé girama, kó sì máa fà á lọ́wọ́, nítorí ojú màmá ti fọ́ pátápátá. Ojú ló fọ́ o, ọwọ́ kò ṣe nǹkan kan. Màmá ṣì ń dirun. Ṣùkú ni, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni, kòlẹ́sẹ̀ ni, èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ ni kẹ́ ẹ dárúkọ. Á jókòó sórí àpótí níwájú ilé, á fi ìka la irun, ìlà yẹn á sì tọ́ débi pé àwọn tó ríran á máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọmọ bá jókòó síwájú rẹ̀ tí kò tíì lanu, kó ṣáà ti fọwọ́ kan orí rẹ̀, á ti dárúkọ rẹ̀, á tún bi í pé ara ìyá rẹ̀ ńkọ́.

Ẹ̀gbẹ́ àpótí yẹn ni Jẹ́jẹ́ ń gbé. Ojú màmá ti fọ́ kí wọ́n tó mú un wá fún un, ọmọ tíńtín tó wọ inú àtẹ́lẹwọ́ ni nígbà náà. Orí itan màmá ló ti dàgbà. Bí màmá bá ń kírun, etí ẹní ni Jẹ́jẹ́ máa ń jókòó sí, màmá kì í sì í lé e, ó ní kò sí ohun tí ológbò fi ẹní ìkírun ṣe. Kúbúrátù ní tirẹ̀ kò rí ti ológbò rò. Irun rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ yunifọ́ọ̀mù, ìyẹn ló mọ̀. Á bu oúnjẹ sílẹ̀ fún un, á fi ẹsẹ̀ sún un kúrò lọ́nà, ó parí.

Bàtà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ilé ìwé wọn fẹ́ ṣe ayẹyẹ ìdágbére fún àwọn tó ń jáde, Kúbúrátù ni wọ́n sì yàn pé kó gun orí pèpéle kó kéwì. Gbogbo àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wọn, ọ̀rọ̀ bàtà ni wọ́n ń sọ láàárọ̀ lálẹ́. Kanfáàsì ni tirẹ̀, àtàǹpàkò sì ti ń yọjú lára rẹ̀. Zulaikha, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, ní bàtà gogoro kan, pupa, tó ń dán. Ìyá Zulaikha ń ta ẹ̀wà ní Sábó, eku sì ti sọ ìṣọ̀ rẹ̀ di ilé baba wọn, nítorí àwọn ológbò Sábó ti yó jù, wọn kì í dìde fún eku mọ́. Jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé kì í jẹ́ kí eku sinmi. Zulaikha ní kí Kúbúrátù yá àwọn ní ológbò náà fún ọ̀sẹ̀ kan, òun á yá a ní bàtà.

Àkókò náà ni màmá lọ sí Ìkòyí-Ilé, nítorí ìyá Kúbúrátù ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kó tó wọ mọ́tò, ó di ọwọ́ Kúbúrátù mú.

"Jẹ́jẹ́ nìkan ni mo fi sílẹ̀ fún ọ o. Má ṣe jẹ́ kó kúrò nílé."

Kúbúrátù ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́.

Gbogbo ẹni tó bá ń sin ológbò ní Ọ̀yọ́ ló mọ̀ pé inú àpò ni wọ́n ń gbé e sí tí wọ́n bá fẹ́ mú un lọ sílé tuntun, wọn kò sì gbọdọ̀ tú àpò náà àfi nínú yàrá tí wọ́n ti tilẹ̀kùn rẹ̀, tí wọ́n ti pa fèrèsé dé. Ibẹ̀ ni yóò wà, tí wọn yóò máa fún un lóúnjẹ, títí tí ara rẹ̀ yóò fi bá ilé náà mu. Màmá ti sọ ọ́ fún Kúbúrátù lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Saifudeen, ẹ̀gbọ́n Zulaikha tó ń wakọ̀, wá gbé ológbò, bàtà pupa ti wà lẹ́sẹ̀ Kúbúrátù, ó ń fi í rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bọ́ bàtà díẹ̀, ó fi apá méjèèjì gbé Jẹ́jẹ́ sínú àpò, ó so ó, ó padà sídìí bàtà rẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan fún Saifudeen. Saifudeen dé Sábó, ó tú àpò sí àárín àgbàlá gbalasa. Jẹ́jẹ́ fò jáde, ó fo ògiri, wọn kò sì rí i mọ́.

Ìgbà tí Zulaikha mú ìròyìn náà wá, ayẹyẹ ti kọjá, wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún Kúbúrátù, bàtà sì ti bó o ní gìgísẹ̀. Màmá ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ohun tó gbé e dé Sábó nìyẹn, tó ń bẹ̀rẹ̀ fún ológbò olólógbò.

Nígbà tí ọjọ́ ti rọ̀, ó kan bàbá kan tó ń jẹ́ Abdulqoyum, tó ń ta gbánja lábẹ́ igi. Ológbò kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ agbọ̀n rẹ̀. Àwọ̀ eérú ni, igbá àyà rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì funfun bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀. Kúbúrátù sáré bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó pe Jẹ́jẹ́, ológbò kò tilẹ̀ mi etí. Nígbà tó sún mọ́ ọn, ó rí i pé kì í ṣe Jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọ̀! Bí wọ́n bá tò wọ́n pọ̀, ta ló fẹ́ mọ̀?

Bàbá náà bi í pé kí ló ń wá. Ó ṣàlàyé ìdajì, ó fi ìdajì pamọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní kó mú un máa lọ, ìyá ológbò náà tún ti bí àwọn mìíràn nílé, òun kò fẹ́ nǹkan kan.

"Ṣùgbọ́n fọwọ́ kàn án wò ná," ló sọ. "Bó o bá fẹ́ fi dípò òmíràn, àwọ̀ nìkan kọ́ ni ológbò."

Kúbúrátù dúpẹ́, ó ti ń ṣí ẹnu àpò. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ ò rí nǹkan, lọ́jọ́ yìí ló wá rántí gbogbo ohun tí màmá kọ́ ọ. Ó so àpò náà le koko, ó gbé e dé Ọ̀yọ́, ó tilẹ̀kùn, ó pa fèrèsé dé, kó tó tú u.

Màmá dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kò tíì mu omi tó fi bèèrè Jẹ́jẹ́. Kúbúrátù gbé ológbò náà lé e lẹ́sẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ màmá.

Ọwọ́ màmá bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ó kan etí, ó kan ọrùn, ó dúró níbẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún padà sí ọrùn.

"Kúbúrátù, ológbò ta nìyí?"

"Jẹ́jẹ́ ni, Ìyá."

"Jẹ́jẹ́ wúwo. Bó bá jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ mi á kú tipiri. Èyí fúyẹ́ bí agbọ̀n òfìfo."

Kúbúrátù ní ó rù ni, pé kò jẹun dáadáa látìgbà tí màmá ti lọ. Màmá ní irun rẹ̀ ńkọ́, irun Jẹ́jẹ́ ki, ó rọ̀ bí òwú, èyí tín-ín-rín, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Kúbúrátù ní òun fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ ni. Màmá ní ọrùn rẹ̀ ńkọ́, ọrùn Jẹ́jẹ́ kún ọwọ́ òun. Kúbúrátù ní ebi kò mọ ọrùn yàtọ̀. Inú ti ń bí i. Kí ló kan ọrùn? Ṣé ológbò kan wà tó ju ológbò lọ ni?

Ọwọ́ màmá wá dé ìrù. Ó tọ̀ ọ́ títí dé ṣóńṣó, ó tún tọ̀ ọ́ padà.

"Kókó tó wà ní ṣóńṣó ìrù rẹ̀ dà, èyí tí irun bò?"

Kúbúrátù kò mọ̀ pé kókó kan wà lára ìrù Jẹ́jẹ́ láyé. Ara ta á. "Kókó wo, Ìyá? Kò sí kókó níbẹ̀ rí. Àfi tó bá jẹ́ pé ọwọ́ yín ló..."

Kò parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti tó. Màmá gbé ọwọ́ kúrò lára ológbò, ó gbé e wá síwájú ojú rẹ̀ bí ẹni fẹ́ wò ó, lẹ́yìn náà ló gbé e lé itan.

"Ó lè jẹ́ ọwọ́ mi ni," ló wí.

 Kúbúrátù rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní ọjọ́ kejì, Bushrah, ọmọ ilé kejì, wá di kòlẹ́sẹ̀. Màmá la irun rẹ̀, ó fọwọ́ tọ ìlà náà, ó tún un là. Ó pe Kúbúrátù kó wá wò ó bóyá ó tọ́. Ó tọ́. Kúbúrátù sì sọ pé ó tọ́. Màmá ní ṣé ó wò ó dáadáa. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Màmá tú u. Ó tún dì í, ó tún bèèrè, ó tún tú u, títí tí Bushrah fi bú sẹ́kún, tí ìyá rẹ̀ wá fà á lọ sọ́dọ̀ onídìrí mìíràn. Kúbúrátù fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Òótọ́ ló ń sọ lọ́tẹ̀ yìí, ìlà náà tọ́, kí ni kò jẹ́ kí màmá gbà?

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Àwọn ọmọ á wá, màmá á ní kí wọ́n máa bínú, ọwọ́ òun ti ń kú. Kò bu omi fúnra rẹ̀ mọ́. Bó bá fọwọ́ kan iyọ̀, á bi Kúbúrátù bóyá iyọ̀ ni. Bó bá mú ìborùn, á bèèrè ti ta ni. "Ṣé èyí ni? Ṣé o rí i?" láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́. Kúbúrátù kò lè kàwé. Á jánu, á gbá ìwé dé, á lọ dáhùn, kò ní tíì jókòó tán tí wọ́n á tún pè é.

Ológbò náà kò ràn án lọ́wọ́. Kúbúrátù ń fi ẹja inú ọbẹ̀ tirẹ̀ bọ́ ọ, pé bó bá sanra, ohun gbogbo á padà bọ̀ sípò. Ológbò ń jẹ, ó ń pọ́n ẹnu lá, kò sanra. Bí eegun rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, gígùn àti tín-ín-rín, kò sí iye ẹja tó lè sọ ọ́ di Jẹ́jẹ́. Màmá kì í gbé e lé ẹsẹ̀ mọ́. Bó bá wá fi ara nù ún, á rọra tì í sẹ́yìn. Ó ní bí òun kò bá lè dá Jẹ́jẹ́ mọ̀, kí ni òun fẹ́ dá mọ̀.

Kúbúrátù mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó wà lẹ́nu rẹ̀ lójoojúmọ́. Bó bá kù díẹ̀ kó sọ ọ́, màmá á tún bi í ní ìbéèrè kan tó ti bi í lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, inú á bí i, á gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó di ọjọ́ tí Mashood, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ní Ògbómọ̀ṣọ́, fi mọ́tò wọlé. Màmá ló ránṣẹ́ sí i. Ó ní kó wá kó òun lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, òun kò lè dá gbé mọ́, kí wọ́n ti ilé pa, kí Kúbúrátù máa bá òun lọ.

Mashood mú àpò kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Nígbà tó kan àwọn òòyà, màmá ní kó fi wọ́n sílẹ̀ fún òun. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò ra ehín wọn, ó ń nà wọ́n sí i. Ó ní kó fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ṣẹ́ irun dídì, kò sí ohun tí òun tún fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ó fọwọ́ gbá àpótí tó ń jókòó lé, ó ní kó gbé ìyẹn náà dání fún ẹni tó bá fẹ́.

Kúbúrátù dúró sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ìbínú tó ti ń pín kiri fún èèyàn àti ẹranko láti ìgbà yìí, ó wá mọ ilé tí yóò wọ̀.

"Ìyá, ọwọ́ yín kò kú."

"Má tù mí nínú, ọmọ."

"N kò tù yín nínú. Kì í ṣe Jẹ́jẹ́."

Ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, bàtà, àpò, àgbàlá, Sábó, bàbá oní-gbánja. Mashood gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí. Màmá ní kó fi í sílẹ̀. 

"Kí ló dé tó jẹ́ èyí lo mú nínú gbogbo wọn?"

"Àwọ̀ wọn bára mu, Ìyá. Eérú ni, igbá àyà rẹ̀ àti ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ funfun, bíi ti Jẹ́jẹ́ gẹ́lẹ́."

"Eérú ni Jẹ́jẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ," ni màmá wí.

 Ológbò náà ń ha ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ojú mi lọ, mo gbà fún Ọlọ́run. Mo ní ó ku ọwọ́. Nítorí bàtà, Kúbúrátù, ìwọ fẹ́ gba ọwọ́ náà lọ́wọ́ mi. Wá jókòó síbí. Di ojú rẹ."

Kúbúrátù di ojú. Màmá na ọwọ́ sí ilẹ̀, ó gbé ológbò náà lé e lẹ́sẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Kúbúrátù fọwọ́ kàn án bó ṣe yẹ. Ọrùn rẹ̀ kò kún ọwọ́. Eegun èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò lábẹ́ awọ. Ìrù rẹ̀ tọ́ láti ìdí dé òpin, kò sí ohun kan tó dí ìka lọ́nà. Ó wá rántí ọjọ́ tó gbé Jẹ́jẹ́ sínú àpò, pé apá méjèèjì ló fi gbé e, tó ń mí hẹlẹ. Ọwọ́ tirẹ̀ náà mọ ìyàtọ̀. Kò bi í léèrè rí ni. Omi bọ́ lójú rẹ̀ tó dì.

"Mashood, tú àpò yẹn," ni màmá wí. "Mú òòyà wá."

Kúbúrátù rò pé wọ́n ti dárí jì í, ó fẹ́ dúpẹ́. Màmá ní kó pa ẹnu dé.

"Inú ń bí mi sí ọ, yóò sì pẹ́ kó tó tán. Sún síwájú."

Ó la irun Kúbúrátù sí méjì, ó la ìdajì sí méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. Ó fún un le débi pé ojú Kúbúrátù fà sókè, kò sì sọ pé ó dun òun. Mashood jókòó sẹ́yìn mọ́tò rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Nígbà tí màmá parí, kò bèèrè ohunkóhun. Kúbúrátù gbé ìka lọ sórí, ó tọ ìlà àárín láti iwájú dé ìpàkọ́.

"Ó tọ́, Ìyá," ló wí.

"Mo mọ̀," ni màmá dáhùn.

Wọn kò rí Jẹ́jẹ́ mọ́ títí dòní. Bushrah padà wá, àwọn kan kò padà. Ológbò tuntun náà gba orúkọ tirẹ̀, Àlejò, ó sì ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ màmá kì í kú lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí Kúbúrátù kọ́ nínú rẹ̀ ni èmi náà fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ, ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́, kó tó di pé ẹ máa fi irọ́ bò ó. Ẹni tó fọkàn tán yín kò ní rò pé ẹ̀yin lẹ ń purọ́, ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fura sí. Bí ẹ bá sì wá ń sọ òótọ́ fún un lẹ́yìn náà, kò ní mọ ohun tó lè fi òótọ́ náà ṣe. Kúbúrátù dá bàtà pupa padà fún Zulaikha, ó sì wọ kanfáàsì rẹ̀ títí tó fi jáde ilé ìwé. Láàárọ̀, kó tó jáde, ó máa ń di ojú, á gbé Àlejò lọ fún màmá, á sì sọ fún un bó ṣe wúwo tó lónìí.